Kí Ni Yóò Dá Nọ́ọ̀sì Dúró Nínú ICU?

Ní 1946, obìnrin ará Èkó kan tó ń jẹ́ Kofoworola Abeni Pratt wọ ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni àwọn òpìtàn sábà máa ń pè ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì. Ó kọ́ṣẹ́ tán, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà wálé ní 1954. Nígbà tó di 1964, ó ti di mátírọ̀nù ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Ní ilé ìwòsàn St Thomas' yìí kan náà, ní oṣù kẹrin 2020, nọ́ọ̀sì méjì dúró ti Boris Johnson, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, nínú ICU, ìyẹn yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, nígbà tí kòrónà fẹ́ mú un lọ: Jenny McGee láti New Zealand àti Luis Pitarma láti Pọtogí. Johnson dárúkọ wọn fún gbogbo ayé gbọ́, ó dúpẹ́, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ọdún kan lé oṣù kan lẹ́yìn náà, ìròyìn jáde pé McGee ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní wọn kì í bu ọ̀wọ̀ tó tọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í san owó tó tọ́ sí wọn, ó ti sú òun. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni ìjọba Johnson dábàá pé kí wọ́n fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Àwọn tó ń fi gbogbo ẹ̀bi ìlọkúrò nọ́ọ̀sì wa ní Nàìjíríà lé owó pọ́n-ùn Bìrìtéènì lórí ní láti kọ́kọ́ sọ fún wa ìdí tí ẹni tó ti wà nídìí pọ́n-ùn náà fi kúrò. Mi ò sọ pé owó kò ṣe pàtàkì. Màá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ogójì ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí wò, ohun kan ló ń yọjú léraléra: bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lé nọ́ọ̀sì ICU, kí àwọn ará òkè òkun tó na ọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ní wọ́ọ̀dù lásán, aláìsàn lè ké pe nọ́ọ̀sì. Nínú ICU, púpọ̀ nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀: ọ̀pá wà lọ́nà ọ̀fun wọn, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí, oògùn oorun wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì ló ń wo ìfúnpá, ìlù ọkàn, ọ́síjìn àti ìtọ̀ wọn ní wákàtí-wákàtí. Òun ló ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ọ̀pá, tó ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, tó ń fi oògùn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá sí wọn lára. Bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, ojú nọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ rí i, nígbà mìíràn kí ẹ̀rọ tó ké. Dókítà á wá, á wò ó, á pàṣẹ, á lọ. Nọ́ọ̀sì kò lọ síbì kankan.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ ló ń jẹ́ ICU, kó gbọ́ ìtàn bí ICU ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, débi pé àwọn aláìsàn kò lè mí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn Blegdam fi ẹ̀rọ ìgbà yẹn tọ́jú ẹni 31. 27 kú nínú wọn. Dókítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun àwọn tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ lóorun, Bjørn Ibsen, dá àbá kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan, wọ́n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ náà yè. Ẹ̀rọ tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àwọn yòókù kò sí, nítorí náà wọ́n ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Bí 1,500 wọn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n jókòó ti bùsùn, tí wọ́n ń fún àpò. Ikú tó ti ń pa ju ẹni mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá kò pa tó ìdajì wọn mọ́ nígbà tó ṣe. Ní ìparí 1953, Ibsen ṣí yàrá tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ICU àkọ́kọ́ láyé. Ọwọ́ èèyàn ló dá ICU sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló wá gbà ṣe, kò sì gba gbogbo rẹ̀ tán.

Èyí ló mú kí iye ọwọ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ICU ní Bìrìtéènì ń tẹ̀ lé ni pé aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ èémí yóò ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀, ẹnì kan sí ẹnì kan. Èyí tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan lè mú méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, bùsùn kan ṣoṣo ń gba nọ́ọ̀sì mẹ́rin ó lé díẹ̀, ká tó sọ pé ẹnì kan gba ìsinmi, tàbí ó ṣàìsàn, tàbí ó lọ bímọ. ICU oníbùsùn mẹ́fà ń fẹ́ nọ́ọ̀sì 25 lọ́nà yìí. Bí ẹ bá ní kí kálukú mú aláìsàn méjì, ẹ ṣì nílò 13. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní 13 yìí ló wà, mẹ́ta gba ìwé àṣẹ ìrìnnà lọ sí Manchester, ilé ìwòsàn kò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn títí ọdún fi yí. Aláìsàn kò dín kù. Àwọn mẹ́wàá tó kù ló ń gbé ẹrù àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú owó oṣù kan náà, wọ́n sì ń sọ ìsinmi ọjọ́ kan nù lọ́sẹ̀ yìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹni kẹrin ti ń wá ìwé ìrìnnà? Ìlọkúrò ló ń bí ìlọkúrò. Mo gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà, àti pé ibẹ̀ ni àwọn aláṣẹ wa kì í fẹ́ wò.

Ìwádìí tó fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ jù ni ti Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania, tó jáde ní 2002. Ilé ìwòsàn 168 ni wọ́n yẹ̀ wò. Fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ewu pé iṣẹ́ yóò tán nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lára pátápátá sì ń fi ìdá 23 pọ̀ sí i. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni wọ́n wò, kì í ṣe ICU nìkan, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ICU, níbi tí iṣẹ́ ti le jù, yóò fi sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà kòrónà, ìjọba Bìrìtéènì gbà kí nọ́ọ̀sì ICU kan máa bójú tó aláìsàn tó tó mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ICU. Ohun tó tẹ̀ lé e wà nínú ìwádìí tí Neil Greenberg ti King's College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2021. Òṣìṣẹ́ 709 láti ICU mẹ́sàn-án ló dáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí àmì àìsàn ọkàn tó lágbára hàn lára wọn: ẹ̀rù tí kò lọ, ìbànújẹ́ tó wọra, àníyàn, ọtí àmujù. Bí ẹnì kan nínú méje sọ pé èrò à-bá-ti-kú tàbí ti ṣíṣe ara àwọn léṣe ti wá sọ́kàn àwọn. Ti àwọn nọ́ọ̀sì burú ju ti dókítà lọ. Mo rò pé ẹni tó bá ka èyí kò ní bi McGee ní ìdí tó fi lọ mọ́.

Ìrora kan tún wà tó jẹ́ ti ọkàn nìkan. Ní 1984, Andrew Jameton, onímọ̀ ìwà àti ìṣe ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀: ìrora ẹni tó mọ ohun tó tọ́ kó ṣe, ṣùgbọ́n tí ètò ibi iṣẹ́ dí i lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń mú wá lọ́hùn-ún ni aláìsàn tí kò sí ìrètí fún mọ́, tí wọ́n ṣì ń fi ẹ̀rọ fa ẹ̀mí rẹ̀. Tiwa yàtọ̀, mo sì rò pé ó le jù. Tiwa ni aláìsàn tí ìrètí wà fún, tí oògùn rẹ̀ wà ní ilé oògùn lápá ìsàlẹ̀, tí owó ló kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde. Nọ́ọ̀sì ni yóò mú ìwé oògùn lọ bá ìyàwó tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ni yóò padà jáde lọ sọ fún un láago mẹ́ta òru pé oògùn ti tán, àwọn ń fẹ́ òmíràn. Obìnrin náà á wo ojú rẹ̀ bíi pé òun ló pàṣẹ owó. Ẹ wá fi ti iná mànàmáná kún un: bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ pẹ́ kó tó dáhùn, tí bátìrì ẹ̀rọ sì ti gbó, nọ́ọ̀sì yóò di àpò mú, yóò máa fún un bíi ti àwọn ọmọ Copenhagen. Nọ́ọ̀sì tó bá kúrò nídìí irú iṣẹ́ yìí kò ṣàìfẹ́ aláìsàn. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ wọn jù.

Ó kan owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ewu tí nọ́ọ̀sì ń gbà lóṣù ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦5,000. Ìparí 2021, lẹ́yìn ìgbà tí kòrónà ti pa lára wọn, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà. Ní ìparí oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àgbẹ̀bí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méje káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì dá a dúró kí ọjọ́ méje tó pé. Ẹ wo ohun tí wọ́n béèrè: owó iṣẹ́ òru, owó aṣọ iṣẹ́, ìlànà owó oṣù tiwọn, kí ìjọba tẹ ètò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí láti 2016 sínú ìwé òfin, kí wọ́n sì gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ síṣẹ́. Kì í ṣe owó nìkan, àbí? Wọ́n fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ wọn pọ̀.

Àwọn tó ti lọ kò kéré. Ní oṣù kẹta 2017, àwọn nọ́ọ̀sì àti àgbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Bìrìtéènì kò tó 3,000. Ní oṣù kẹta 2022 wọ́n ti lé ní 7,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n kọjá 10,000. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lọ ṣa òṣìṣẹ́ ìlera wọn, èyí sì jẹ́ ní oṣù kẹta 2023. Ìlànà yẹn ní ihò: kò sí ohun tó dí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wáṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà náà ni àwọn aláṣẹ wa pinnu láti ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kejì 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Àgbẹ̀bí kéde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn nọ́ọ̀sì ti kún ẹnu ọ̀nà wọn ní Abuja pẹ̀lú pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ní ti ICU, mo rí i pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n gbé ìdè sí. Ta ni òfin yìí dá dúró? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì dá ẹ̀rọ èémí mọ̀ dáadáa. Ta ni ó sì fi sílẹ̀ kó máa lọ? Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́jọ, tó ní ìwé ẹ̀rí ICU, tí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tó ń ké lásán àti èyí tó ń ké ikú. Patricia Benner, tó ṣèwádìí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní California, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1984 pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gùn láti ọ̀gbẹ̀rì dé ògbóǹtarìgì, àti pé ìrírí ẹ̀gbẹ́ bùsùn ló ń gbé e gòkè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. ICU tí kò bá ní àgbà mọ́, ẹ̀rù yóò lé àwọn ọmọ tuntun ibẹ̀ kí ọdún méjì wọn tó pé.

Àwa fúnra wa tún ń sọ àgbà nù láì sí pé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ òfurufú. Nọ́ọ̀sì á fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ICU, á padà dé, ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì á sì fi lẹ́tà gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù aboyún nítorí pé ó ti pẹ́ níbì kan. Yíyí òṣìṣẹ́ kiri dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Fún ẹni tó ti yan ICU, ìfìyàjẹni ni.

Kí ni àwọn mìíràn ti gbìyànjú? Ní Amẹ́ríkà, ní 1983, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé nọ́ọ̀sì yí ìbéèrè padà. Dípò kí wọ́n béèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń lọ, wọ́n wá àwọn ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ kúrò, wọ́n rí 41, wọ́n sì béèrè ìdí. Ọ̀gá tó máa ń yọjú sí wọ́ọ̀dù, òmìnira láti ṣe ìpinnu nípa ìtọ́jú, iye òṣìṣẹ́ tó tó, dókítà tó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́: bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn wọn rí. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ìbéèrè yẹn ló gbọ́n jù. Láti inú rẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ Magnet ti jáde, tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Washington ní Seattle kọ́kọ́ gbà ní 1994. Àmì-ẹ̀yẹ náà ti di òwò díẹ̀ báyìí, àwọn kan ń lépa rẹ̀ fún ìpolówó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ba ìdáhùn àwọn 41 yẹn jẹ́.

California gba ọ̀nà òfin. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1999, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, sọ iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè mú. Nínú ICU kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Queensland ní Ọsirélíà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn wọ́ọ̀dù kan níbẹ̀ ní 2016, ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2021 sì fi hàn pé owó tí wọ́n rí pamọ́, nítorí pé aláìsàn kì í pẹ́ nílé ìwòsàn mọ́ tí wọn kì í sì í tètè padà wá, ju owó tí wọ́n fi gba nọ́ọ̀sì kún un lọ. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìnáwó wa ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì kan tó bá lọ ń ná ilé ìwòsàn ní ohun tó ju 50,000 dọ́là lọ kí àrọ́pò rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Owó ojú ẹsẹ̀ ńkọ́? Nígbà kòrónà, àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà fi owó ńlá gba nọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Onílé tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ń kọ́ àlejò ní ibi tí aṣọ bùsùn wà, àlejò sì ń gba ìlọ́po owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé náà bá di arìnrìn-àjò. Ní ti àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì bí yóò ṣe máa fara da wàhálà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, oorun ló nílò.

Kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé: àléébù wà lára àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn kò ka ẹni tó lọ. Wọ́n kàn bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ní in lọ́kàn láti lọ. Àwọn tó sì ti lọ kí ìwádìí tó dé kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Pẹ̀lú èyí náà, nígbà tí California, Pennsylvania, Queensland àti Lọ́ńdọ̀nù bá ń ka ohun kan náà sí wa létí, ó yẹ ká gbọ́.

Ìdájọ́ tèmi rèé. A kò lè bá pọ́n-ùn díje, a ò sì ní láti bá a díje ká tó dá púpọ̀ dúró; ẹni tó ní òbí àgbà nílé, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ládùúgbò, tó sì ń kọ́lé lọ́wọ́, ti ní ìdí tó fẹ́ fi dúró. Ẹ má fi iṣẹ́ lé e kúrò. Kí ilé ìwòsàn fi ènìyàn rọ́pò ènìyàn láàárín oṣù kan, láì dúró de àṣẹ tó ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Abuja. Kí ìwé ẹ̀rí ICU mú owó wá lóṣooṣù. Kí ẹni tó yan ICU wà nínú ICU. Kí olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ní àṣẹ láti sọ pé bùsùn kẹfà kò ní gba aláìsàn lálẹ́ yìí nítorí kò sí ọwọ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìkẹyìn yìí le, mo mọ̀; ẹbí kan yóò bínú, àwọn ọ̀gá náà yóò bínú. Ṣùgbọ́n bùsùn tí kò ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe bùsùn ICU, bó ti wù kí ẹ̀rọ orí rẹ̀ wọ́n tó.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, mo mọ̀ pé ẹ máa ń bi nọ́ọ̀sì ní ìdí tó fi ń lọ nígbà tó bá ti mú lẹ́tà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru òní, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣì ń dá wọn dúró, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn tó mú tirẹ̀ wá.